Ọ̀yọ́ Mèsì

Ọ̀yọ́ Mèsì ni ìgbìmọ̀ ìjòyè méje tó ń bá Aláàfin tukọ̀ ìlú: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìíni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Àwọn àgbà kan tú orúkọ náà sí "Ọ̀yọ́ mọ èsì", ìyẹn àwọn tó mọ èsì tí wọn yóò fún ọba.

Èsì náà le. Lóòótọ́, Kábíyèsí ni wọ́n ń kí Aláàfin, ṣùgbọ́n àwọn méje yìí ló ń yàn án. Láyé àtijọ́, bó bá di aninilára, Baṣọ̀run lè kéde pé ìlú ti kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọba tó bá rí i mọ̀ pé ikú ló kàn.

Ta ló wá ń ṣọ́ ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀? Àwọn Ògbóni ni.

Síbẹ̀, Baṣọ̀run Gáà ré ààlà kọjá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: ó gba àkóso ìlú, ó sì ti àwọn Aláàfin sí ikú léraléra. Ní 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ohun tó wu ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló ń ṣe kò tíì gbọ́ ìtàn náà délẹ̀.