Kíláàsì mẹ́rin péré ni ìyá àgbà mi kà, àmọ́ ó mọ Yorùbá kà jù mí lọ

1/ Ìtàn tòní gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìgangan gbẹ̀yìn, iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá àgbà gbé Bíbélì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní ojú ń dun òun, kí n bá òun ka ìtàn Nóà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ka pé Nóà kan "ọkọ́".

2/ Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ọkọ́ wo ni Nóà ń kàn? Ṣé oko ló ń lọ ni? Ọkọ̀ ni o!"

Ó gba ìwé náà, ó sún mọ́ iná, ó sì ka orí yẹn tán láìkọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi gboyè yunifásítì. Kíláàsì mẹ́rin péré lòun kà.

3/ Mo wá àwáwí. Mo ní sípẹ́lì àtijọ́ ló kó mi sí wàhálà, pé "aiye" àti "enia" ni wọ́n kọ síbẹ̀, "ayé" àti "ènìyàn" ni wọ́n kọ́ àwa. Ìyá àgbà kàn wò mí ni, kò sọ nǹkan kan.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi ara mi pé: àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ mọ̀wé, èdè wo ni wọ́n fi kọ́ wọn?

4/ Kí ìwé òyìnbó tó dé rárá, àwọn ọmọ kan ti ń kàwé nílẹ̀ Yorùbá. Ilé kéú ni. Ọmọ á jókòó sórí ẹní níwájú àlùfáà, wọ́n á fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sára wàláà. Tó bá ti há a sórí, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á kọ òmíràn. Ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn wọn ní Ìgangan títí dòní. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni, kì í ṣe Yorùbá.

5/ Ọmọ tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò tibi tó jìnnà wá. Òṣoògùn ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809, lápá Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn tó múlé ti Ìbàràpá wa. Ogun kó ìlú náà ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tó kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró.

6/ Ẹ wo ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà mọ́. Wọ́n mú un lọ sí Bathurst, abúlé kan lẹ́bàá Freetown, wọ́n fi í sí iléèwé. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan kó lè ra káàdì ábídí tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Lédè Gẹ̀ẹ́sì o!

7/ Ẹ ti mọ ẹni tí mò ń sọ: Samuel Àjàyí Crowther ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ní 1843, ó gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, òun ló ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884, odindi Bíbélì jáde ní Yorùbá. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Àwọn bíi Thomas King wà níbẹ̀.

Èdè àjòjì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ẹrú yẹn níwèé. Ó wá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

8/ Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn, ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àgbà mi.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bíi 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Láàárín ọdún kan! Ìyá àgbà sọ fún mi pé ká ní owó ni, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin nìkan ni bàbá àwọn ì bá rán.

9/ Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó iléèwé? Ọ̀pọ̀ ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ìyá àgbà ní ọwọ́ òun ò fẹ́ tó o, òun dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi ìka kọ ọ́, kó tó kan síléètì. Yorùbá sì ni. Tí tíṣà bá kọ "ajá", ajá tó ń gbó nílé wọn ni. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kàn rí lójú pátákó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

10/ Kí ló wá dá a dúró ní kíláàsì kẹrin? Sòbìà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Aràn tó ń gba inú omi odò àti adágún wọ ara ni, ó ń gba ẹsẹ̀ jáde. Ó dààmú Ìbàràpá gan-an, pàápàá Ìdèrè, àwọn olùwádìí sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń lé ọmọ kúrò ní iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà dùbúlẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan. Nígbà tó fi dìde, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, ìyá rẹ̀ sì nílò ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù ọjà. Ó di 2013 kí àjọ WHO tó kéde pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọdún mẹ́rin péré, síbẹ̀ ìwé ò kúrò lórí rẹ̀.

11/ Ó wá kan èmi. Iléèwé aládàáni ni wọ́n fi mí sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. "A" fún apple ni wọ́n kọ́ wa. Mi ò rí apple rí nígbà yẹn. Káṣú àti máńgòrò ló kún ọ̀dọ̀ wa. Tó o bá sọ Yorùbá, wọ́n á kọ orúkọ ẹ, wàá san owó ìtanràn. "Fanákúlà" ni wọ́n ń pè é. Mo ti sanwó rí torí pé mo kígbe "yéè!" nígbà tí mo ṣubú. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi ṣubú ni?

12/ Ẹ má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń jẹun. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ lédè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn kejì ń ṣe é bó ṣe wà: Yorùbá ní ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ló ṣe dáadáa jù. Kódà, wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

13/ Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá.

Ọmọ tó fìdí rẹmi, ẹ jẹ́ ká bi í bóyá ó rí ìwé tàbí tíṣà. Ẹ má dá èdè lẹ́jọ́.

14/ Àjàyí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè ẹlòmíràn nítorí pé wọ́n jí i kó ni. Èmi ò dé oko ẹrú, inú Ìgangan ni mo wà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n sì dá mi padà sí.

Ní báyìí, tí mo bá lọ sílé, ìyá àgbà ni tíṣà mi. Mò ń kà, òun ń tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ka odindi orí kan láìṣì. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, wàá bọ́ sí kíláàsì kejì."

Ẹ̀yin náà, ta ló kọ́ yín ní Yorùbá kíkà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Tí ẹ bá sì ní ọmọ nílé, ẹ mú ìwé Yorùbá kan, kí ẹ kà á fún un lálẹ́ òní. Tí ẹ bá ṣì í, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un kà.