Kí Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Orin Ń Kọ́ ní Yunifásítì? Orin, Tíátà àti Oúnjẹ Òòjọ́

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, ó sì ní orin lòun fẹ́ lọ kà. "Bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé kí n sanwó ilé ìwé ọdún mẹ́rin kó wá di alágbe ni?"

Ọmọ náà ò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Èmi ló yíjú sí: "Ańkù, ṣé ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?"

Ká sòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo bá lọ bi àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ àtàwọn tó ti kọ́ ọ tán. Ohun tí mo gbọ́ rèé, fún ẹnikẹ́ni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá wà nílé rẹ̀.

Ọ̀nà àtiwọlé

JAMB ṣì ni ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú krẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ka orin tún máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, tàbí kí wọ́n rí ohun èlò tí o mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ti inú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n mọ sọ́lífà bí ẹni mowó, dò-rè-mí kan náà tí tíṣà Yorùbá fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n ni orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, ìyẹn staff. Ẹni tó bá ti ń kà á díẹ̀díẹ̀ kó tó wọlé ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà ọdún kìn-ín-ní.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Kálukú á mú ohun kan tí yóò gbájú mọ́: ohùn, dùùrù, fèrè tàbí ìlù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń kọ́ tíọ́rì, ìtàn orin, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá orin tuntun, bí wọ́n ṣe ń darí kọ́yà, àti orin ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdánwò tó ń já wọn láyà jù ni recital, níbi tí ìwọ nìkan yóò ti dúró níwájú èrò àtàwọn olùkọ́ rẹ.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta sọ fún mi pé mímí ni wọ́n kọ́kọ́ fi oṣù méjì kọ́ òun. Ikùn àti ìhà ló ń gbé ohùn dúró. Ẹni tó bá ń fi ọ̀fun nìkan kọrin, kò ní pẹ́ há. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíké ni mò ń ké," ó ní. "Ibí ni mo ti wá mọ orin kọ."

Ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ìgbà sì yàtọ̀ sí igba. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ìtumọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, àmọ́ tí wọ́n fi sórí ohùn òyìnbó, nìyí.

T.K.E. Phillips, tó jẹ́ olórí orin ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé wà lára àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bánkọ́lé lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ sí Cambridge, ó sì padà wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ẹni ọdún 41 péré ni nígbà tó kú ní 1976.

Ibi tí tíátà ti wọ̀ ọ́

Tíátà Yorùbá òde òní, inú orin ló ti jáde. Ní 1944, ṣọ́ọ̀ṣì ni Hubert Ògúndé ṣe eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ fún, ní Glover Hall l'Ékòó. Ọlọ́pàá ṣì ni nígbà náà. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ gbé ìlù wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó sì gbé orin rẹ̀ lọ síta. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ọba Kò So jáde. Ní 1964, wọ́n ṣe é ní Berlin.

Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ orin fi máa ń bá ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Ibẹ̀ le o! Wàá kọrin, wàá jó, wàá sọ̀rọ̀, èémí kan náà lo máa fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún kẹta yẹn sọ fún mi pé ìfidánrawò wọ ọ̀gànjọ́ lọ́jọ́ kan, òun tún lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di alẹ́ eré, ohùn ti lọ pátápátá. Ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ló dúró sí, tó ń gbọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń kọ orin tó fi oṣù mẹ́ta kọ́. Láti ìgbà náà, bí eré bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, kì í pariwo, kì í ṣàìsùn, omi ò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i.

Owó ńkọ́?

Mi ò ní tàn yín. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n ti jáde, iṣẹ́ kan ò tó wọn jẹun. Ọ̀kan ń kọ́ni ní ilé ìwé, ó ń darí kọ́yà lọ́jọ́ Sunday, ó tún ń lọ kọrin níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Òmíràn wà ní sítúdíò, ó ń ṣètò orin fáwọn tó lórúkọ. Ìwé ẹ̀rí nìkan kọ́ ló ń bọ́ wọn. Pé wọ́n lè ka orin, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ẹlòmíì, ìyẹn ló ń bọ́ wọn.

Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kí gbogbo òbí béèrè: Ṣé wàá lè máa dánra wò lójoojúmọ́ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún ẹ? Ṣé wàá kọ́ dùùrù mọ́ ohùn, kí iṣẹ́ má bàa wọ́n ẹ? Bí ohùn bá há lọ́la, kí lo tún lè ṣe nínú iṣẹ́ náà?

Ọmọ náà dáhùn méjì. Ó ní kí àwọn fún òun láàyè láti ronú sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù.