Òòfà tí wọ́n pò nínú ìgò

1/ Nílé ìwé, tíṣà wa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: irin, cobalt, nickel. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń di òòfà. Mo há a sórí, mo gba máàkì mi. Àṣé ìtàn ò parí síbẹ̀. Ẹ fìdí kalẹ̀. (Òòfà tó ń fa irin ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fa oníbàárà 😂)

2/ Ìlú Berlin ní Jámánì, nǹkan bí ọdún 1706. Ọkùnrin kan tó ń ṣe àwọ̀, Diesbach, fẹ́ ṣe àwọ̀ pupa. Ọ̀kan nínú èròjà tó lò ò mọ́, ló bá di pé búlúù ló jáde. Bí Prussian blue ṣe dáyé nìyẹn. Àwòrán ìgbì òkun ńlá tí Hokusai ṣe ní Japan, tí ẹ máa ń rí lára T-shirt? Búlúù yìí ló wà níbẹ̀.

3/ Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni pé búlúù yìí lè di òòfà. Átọ́ọ̀mù irin ló wà nínú ẹ̀, carbon àti nitrogen ló so wọ́n pọ̀ bí afárá. Púpọ̀ nínú irin yìí dà bí òòfà kékeré. Tí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan náà, òòfà gidi dé. Àmọ́ ooru ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, kálukú á kọjú síbi tó wù ú.

4/ Ó di ọ̀rúndún ogún kí àwọn onímọ̀ tó gbé e sínú òtútù tó tó −267°C, kí wọ́n tó rí i pé wọ́n tò lóòótọ́. Ó ti lé ní 200 ọdún tó ti wà lójú ayé! Látìgbà náà, ooru gan-an ni ọ̀tá.

5/ Ní 1991, àwọn ará Japan ṣe òòfà tí kò ní irin kankan nínú: carbon, hydrogen, nitrogen, oxygen, ó tán. Àmọ́ àfi nínú òtútù −272°C. Lọ́dún yẹn kan náà, Joel Miller àti Arthur Epstein ní Amẹ́ríkà po vanadium mọ́ mólékù oní-carbon kan. Èyí ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá lásán, láìsí yìnyín! Ìṣòro ẹ̀: tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó bàjẹ́.

6/ Ní 1995, Michel Verdaguer àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Paris padà sọ́dọ̀ búlúù àtijọ́. Wọ́n yọ irin kúrò, wọ́n fi vanadium àti chromium rọ́pò. Ó jẹ́ òòfà títí dé 42°C. Lọ́dún kejì, ní Tokyo, wọ́n tan iná pupa sí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ mìíràn nínú òtútù, agbára òòfà ẹ̀ lọ sókè. Wọ́n tan iná búlúù, ó wálẹ̀.

7/ Kí la fẹ́ fi ṣe? Èyí ò nílò iná ìléru bíi ti irin. Nínú omi tàbí kẹ́míkà ni wọ́n ti ń pò ó. Ó fúyẹ́, wọ́n sì lè tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ní 1993, Roberta Sessoli, Dante Gatteschi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé mólékù KAN ṣoṣo, tó ní manganese 12, lè dá rántí ibi tó kọjú sí. Ẹ rò ó wò: mólékù kan, ìsọfúnni kan. Òtútù líle lòun náà ń fẹ́ o. Ní 2018, mólékù oní-dysprosium kan ṣe é ní −193°C, nitrogen olómi sì lè mú nǹkan tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

8/ Kò tíì dé inú fóònù yín, mi ò ní tàn yín. Tíṣà mi náà ò parọ́: tí èròjà bá dá dúró, nínú ooru ojoojúmọ́, àwọn mẹ́ta yẹn náà ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé tí a bá pò wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ká ní mo gbọ́ èyí ní SS2, bóyá mi ò bá má sá fún chemistry. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí i.