Oúnjẹ Ẹ̀bá Ọ̀nà ní Ọ̀rẹ̀: Oríta Ló Ń Bọ́ Ìlú

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí a kọ òwe yìí sí ẹnu ibodè rẹ̀, Ọ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ó ti pẹ́ tí ẹni tí ó bá gbéra láti Èkó lọ sí Bìní, Asaba tàbí Onitsha ti mọ̀ pé Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti dúró, tí èrò yóò na ẹsẹ̀, tí wọn yóò sì jẹun.

Oríta ló sọ Ọ̀rẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, di ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gba Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde wá láti Èkó ti pàdé èyí tí ó ti ìlú Oǹdó wá, èyí tí ó lọ sí Òkìtìpupa àti agbègbè olómi, àti èyí tí ó kọjá sí Bìní. Igbó kìjikìji ló yí i ká: igbó tí àwọn agégẹdú ti ń rí igi, tí àgbẹ̀ ti ń rí kòkó, tí ọdẹ sì ti ń rí ẹran. Ẹran ìgbẹ́ wà, arìnrìn-àjò wà. Ìyá olóúnjẹ nìkan ló kù tí yóò gbé ìkòkò kaná.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ń gbé oúnjẹ ń gbé ogun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá afárá Onitsha, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì dorí kọ Èkó. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn, Victor Banjo. Ọ̀rẹ̀ ni ìrìn wọn pin sí. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, Bìní ti padà sọ́wọ́ ìjọba. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àkàwé lẹ́nu àwọn ènìyàn: “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!”

Ogun parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Àwọn oníṣòwò Ìgbò padà sí Èkó, owó epo rọ̀bì wọlé, wọ́n sì la ọ̀nà márosẹ̀ tuntun. Àwọn bọ́ọ̀sì gàgàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí ìlà-oòrùn tọ̀sán tòru. Bí ó ṣe di pé oríta tí wọ́n ti da ìbọn bo ara wọn ni àwọn ará ìhà méjèèjì ti ń jókòó sí orí bẹ́ǹṣì kan náà nìyẹn. Ìyá olóúnjẹ kò béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni, ohun tí ó ń béèrè ni pé, “Ẹ̀bà àbí iyán? Ẹran mélòó?” Ó kọ́ láti se ọbẹ̀ ewúro mọ́ ẹ̀gúsí àti ilá, ọ̀yà àti ẹtu sì ń bẹ nínú ìkòkò.

Ilé oúnjẹ mìíràn kò ju ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ. Búrẹ́dì, mílíìkì, ọṣẹ àti àbẹ́là wà lórí pẹpẹ níwájú; tábìlì àti àga wà lábẹ́ igi ní ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí ẹni tí ó ti jókòó wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Òwò náà ní òfin tirẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí ó bá kó èrò wá kì í sanwó oúnjẹ, ẹran tirẹ̀ sì máa ń tóbi ju ti èrò lọ. Iye ọkọ̀ tí ó bá yà ni iye owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá olóúnjẹ yóò rí san fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ohunkóhun tí ó bá ṣe ọ̀nà fi ń ṣe ìkòkò. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà ní ọdún 2014, ẹ̀rù ẹran ìgbẹ́ ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí ìjọba fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje. Èyí tí ó wá burú jù ni ti àwọn ajínigbé. Èrò tí ń bẹ̀rù kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró rárá; ó ra búrẹ́dì àti omi ní gáréèjì Èkó, ó sì ń gbàdúrà títí ó fi dé.

Bí ọkọ̀ kò bá dúró, olóúnjẹ nìkan kọ́ ló pàdánù. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí awakọ̀ sinmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Awakọ̀ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó sinmi lè sùn lórí ìdarí ọkọ̀. Iná ojú pópó, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó mọ́ àti ọlọ́pàá tí kì í ṣe owó ẹ̀yìn ló gbé e dúró: ohun tí Ọ̀rẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kò ju èyí lọ. Ìbọn ti dákẹ́ ní oríta yìí láti ọdún 1967, ìkòkò ló sì rọ́pò rẹ̀. Kò yẹ kí a jẹ́ kí ìbọn àwọn ọlọ́ṣà wá paná lábẹ́ ìkòkò náà.