Ta Ló Mú Ọ̀bẹ Lọ́wọ́?

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa wálé sí Òmù-Àrán fún ọdún, ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kù, kí òun lè fọn. Ẹni kílò 141 ni. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, orúnkún rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mọ́. Ó ti rí dókítà kan lórí Instagram: àwòrán kí wọ́n tó ṣe é wà lápá òsì, àwòrán lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán wà lápá ọ̀tún, ẹ̀dínwó sì wà fún ẹni tó bá tètè sanwó.

Ẹnì kan ní kó má ṣe é, kó máa sáré láràárọ̀. Ẹlòmíì ní kó ṣe é kíá, ayé ti lajú. Ẹnì kẹta wá béèrè pé, "Ta ni dókítà náà gan-an?" Ọ̀rẹ́ wa kò mọ̀ ju orúkọ àti iye èèyàn tó ń tẹ̀lé e lórí Instagram lọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń ṣe jẹun. Kóòdù tí ẹlẹgbẹ́ wa kò bá tíì yẹ̀ wò, a kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ṣé ikùn ọ̀rẹ́ wa la máa wá gbé fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò? Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn nìyẹn.

Ọ̀bẹ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ẹ lọ sí Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń ṣe àbẹ̀wò sí àwọn ilé-ìwé CMS, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn. Nígbà tó di 1945, wọ́n ṣí ilé ọnà síbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ wo ojú àwọn ère náà dáadáa, ẹ ó rí ilà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ilà bá délé ojú òkúta, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sójú èèyàn.

Olóòlà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ìdílé ni, ọmọ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá, Ògún sì ni wọ́n ń bọ. Òun ló ń kọlà ojú, òun náà ló ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin, tó ń fi omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́. Òbí tó bá fẹ́ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta, bí kò tilẹ̀ là á lẹ́nu. Ọmọ ta ni ọ́, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Àwọn wo lo ti ṣe é fún, kí la rí lára wọn? Bí egbò bá ṣe wá lóru, níbo la ti máa rí ọ?

A ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ dùn jù. Ẹ̀jẹ̀ dà lára àwọn ọmọ kan dójú ikú, wọ́n fi ọ̀bẹ kan náà gé ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì gé àwọn ọmọbìnrin tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn rárá. Orúkọ rere kì í pa kòkòrò àrùn. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta yẹn dára, ohun tó sì dùn wá ni pé a sọ wọ́n nù nígbà tí ilé ìwòsàn dé. Àwọn míṣọ́nnárì SIM kọ́ tiwọn sí Ẹ̀gbẹ́, tó ti wà ní ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, láàárín ọdún 1950 sí 1960. UCH ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1957, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ìlera pọ̀ sí i, ẹ̀mí gùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀bẹ wá di àlejò tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀. A kàn ń pè é ní "dókítà", a sì ń dákẹ́ níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísanra fúnra rẹ̀ tún mú kó ṣòro. Ní èdè wa, "o mà ti sanra o" jẹ́ ìkíni. Ẹni tó bá fọn ni wọ́n máa ń bi léèrè pé kí ló ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ pé àsanjù jẹ́ àìsàn, etí wa kò tètè gbà á. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò gan-an, ọwọ́ oníṣirò ló ti wá. Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀m, ló gbé e kalẹ̀ ní 1832: ẹ fi gíga yín lọ́nà gíga yín, ìyẹn mítà lọ́nà mítà, pín kílò yín. Ọdún 1972 ni Ancel Keys fún un lórúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, BMI. Ọ̀rẹ́ wa ga tó mítà 1.72, BMI rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 47. Ní 1991, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn tó le bí àtọ̀gbẹ, lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣe é sọ ìwọ̀n náà di 35 fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè ronú nípa rẹ̀ láti 30. Ọ̀rẹ́ wa yege nínú gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ti ọ̀bẹ.

Ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú. Ní 1954, Kremen, Linner àti Nelson ní Minnesota kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe já ìfun so, tí oúnjẹ fi ń fo ọ̀pọ̀ ìfun kéékèèké kọjá. Àwọn èèyàn fọn lóòótọ́. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, òkúta hù ní kíndìnrín wọn, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló padà sábẹ́ ọ̀bẹ kí wọ́n lè tú u. Wọ́n pa ọ̀nà náà tì.

Edward Mason ní Iowa gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í tètè sanra mọ́. Òun àti Chikashi Ito sì gbé iṣẹ́ abẹ tuntun jáde ní 1967: wọ́n ya apá kékeré lókè àpòlúkù sọ́tọ̀, wọ́n so ó mọ́ ìfun. Ohun tó wú wa lórí jù ni pé Mason ń kà. Ó ń tẹ̀lé àwọn aláìsàn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń kọ ohun tó ṣe wọ́n sílẹ̀, ó sì ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà bí àkọsílẹ̀ bá ti fi hàn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1983, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Lónìí, èyí tí wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé ni èyí tí ọ̀rẹ́ wa fẹ́: wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù. Kò sí Ctrl+Z fún un o. Ohun tí wọ́n bá gé ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ya ohun kan sọ́tọ̀ níbí, torí ó máa ń dàpọ̀ lójú àwa ọ̀dọ́. Fífa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Iṣẹ́ ẹwà ni, kì í wo àtọ̀gbẹ. Kò sì túmọ̀ sí pé kò léwu. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní Marbella, ní orílẹ̀-èdè Spéìn, lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní ikùn. Ẹni ọdún 59 ni. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa ikú náà, ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan, ó sì ní kó má ṣe iṣẹ́ ìṣègùn fún ọdún mẹ́ta. Bí ìyàwó ààrẹ bá lè kú báyìí ní ìlú òyìnbó, a jẹ́ pé owó àti ìrìn-àjò kò lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn fúnni.

Ṣé ọwọ́ dókítà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni? Ní 2013, John Birkmeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba fídíò lọ́wọ́ ogún dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Michigan. Wọ́n ní kí àwọn dókítà mìíràn wò ó, kí wọ́n fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láìmọ ẹni tó ni ín. Lára àwọn aláìsàn tí àwọn tí máàkì wọn kéré jù ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn tí máàkì wọn ga jù jẹ́ 5.2. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni o, ọwọ́ ló yàtọ̀.

Nítorí náà, a gbé ìbéèrè olóòlà wọnú ilé ìwòsàn. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí sì wà. Ó yẹ kó ní FWACS tàbí FMCS lẹ́yìn orúkọ, kó sì lè sọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ yìí gan-an. Àwọn wo lo ti ṣe é fún? Mélòó, láàárín ọdún mélòó? Nínú mélòó ni ojú rírán ti jò, mélòó ló ṣẹ̀jẹ̀, mélòó ló kú? Dókítà tó bá ní òun kò rí ìṣòro rí, bóyá kò tíì ṣe púpọ̀, bóyá kò kà á. Níbo la ti máa rí ọ lóru? Ta ló ń fúnni ní oògùn oorun, ṣé yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, kí ni wọ́n ń lò bí iná bá lọ?

Ìmúrasílẹ̀ tún wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á yẹ ṣúgà, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Wọ́n á fi kámẹ́rà wo inú àpòlúkù. Ẹni tó ń hanrun gan-an gbọ́dọ̀ sọ, torí èémí rẹ̀ lè máa dúró lójú oorun. Sìgá gbọ́dọ̀ lọ. Gbogbo àgbo tí à ń mu, ká dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kódà bí ojú bá ń tì wá. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, oúnjẹ á yí padà kí ẹ̀dọ̀ tó bo àpòlúkù lè sún kì: iyán, ẹ̀bà àti mínírà á dúró, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ á wọlé. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe, torí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà, fítámì di ohun tí a ń lò títí ayé, obìnrin sì ní láti dúró tó ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kó tó lóyún. Ẹ sọ fún Ìgbómìnà pé kó fi iyán sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni!

Ọ̀rẹ́ wa fi ti Instagram sílẹ̀. Ó gba ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, ó tún lọ sí Èkó. Dókítà àkọ́kọ́ tó bi ní ìbéèrè dáhùn pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Èkejì ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ka iye tó ti ṣe, ó sì sọ nípa àwọn tí kò lọ dáadáa láìbo ohunkóhun. Ó wá ní òun kò ní í ṣe é báyìí: ṣúgà rẹ̀ ga jù, kó lọ tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ná. Inú bí ọ̀rẹ́ wa díẹ̀. Inú tiwa dùn.

Oṣù méjì ti lọ nínú mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ṣúgà ti já. Ó pe nọ́ńbà tí dókítà fún un. Wọ́n gbé e.