kọ́bọ̀ (ọ̀rọ̀-orúkọ)

Ìtumọ̀. 1. Ní ayé owó pọ́n-ùn: ẹyọ owó bàbà tí méjìlá rẹ̀ pé ṣílè kan. 2. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973: ẹyọ owó tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ pé náírà kan.

Orísun. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún bàbà ni ó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn Yorùbá kí ìjọba Nàìjíríà tó fi í sọ ẹyọ owó tuntun lórúkọ. Ìdí nìyí tí ìtumọ̀ méjèèjì fi máa ń da olùtúmọ̀ lójú rú.

Ìyípadà owó ní ọdún 1973. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì (₦2). Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Sísì, tí í ṣe ààbọ̀ ṣílè, di kọ́bọ̀ márùn-ún. Tọ́rọ́, tí í ṣe ààbọ̀ sísì, di kọ́bọ̀ méjì àti ààbọ̀. Owó yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá pe ogún kọ́bọ̀ ní “ṣílè méjì”, tàbí ogún náírà ní “pọ́n-ùn mẹ́wàá”, kò ṣì í pè.

Àkíyèsí fún olùtúmọ̀. Wo ọjọ́ tí a kọ ìwé kí o tó túmọ̀ iye owó inú rẹ̀. “Kọ́bọ̀ mẹ́wàá” nínú ìwé ọdún 1965 kò tó ṣílè kan, nítorí ó ku kọ́bọ̀ méjì. Nínú ìwé ọdún 1975, ṣílè kan gééré ni. Bí ìyá àgbà kan ní Ìlọrà bá sọ ní ọdún 1975 pé gbèsè òun ku pọ́n-ùn mẹ́wàá, tí olùtúmọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi náírà mẹ́wàá, ìdajì gbèsè náà ti sọnù lórí ìwé. Lóde òní, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lè sọ pọ́n-ùn kí ó sì máa tọ́ka sí owó Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí ó yí gbólóhùn náà ká ni yóò fi èyí hàn.

Ipò òǹkà. Òǹkà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *m* a máa tẹ̀lé orúkọ owó: *náírà márùn-ún, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún*. Ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta, igba àti irú wọn a máa ṣáájú rẹ̀: *ogún náírà, àádọ́ta kọ́bọ̀*. Òfin kan náà ni ti dọ́là àti sẹ́ǹtì: $7.05 ni *dọ́là méje àti sẹ́ǹtì márùn-ún*, $7.50 ni *dọ́là méje àti àádọ́ta sẹ́ǹtì*.

Àpètúnpè. Bí a bá pe òǹkà ní ẹ̀ẹ̀mejì, iye owó ohun kọ̀ọ̀kan ni a ń sọ, kì í ṣe àpapọ̀. Ẹni tí ó bá ń ra èso lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní Fìdítì gbọ́dọ̀ ya gbólóhùn méjì yìí sọ́tọ̀ (àpẹẹrẹ lásán ni iye owó inú wọn):

– *Ọgọ́rùn-ún náírà ni ọsàn mẹ́rin yìí.* Àpapọ̀: ₦100.
– *Ọgọ́ọgọ́rùn-ún náírà ni ọsàn mẹ́rin yìí.* Àpapọ̀: ₦400.

Ìṣirò pẹ̀lú igba. Lórí igba ni a gbé òǹkà ńlá lé: ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta (600), ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin (800), ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún (1,000), ẹgbẹ̀fà ni igba mẹ́fà (1,200), ẹgbàá sì ni igba mẹ́wàá (2,000). Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò ìwé. Bí ọ̀pẹ̀yìnbó kan bá jẹ́ irínwó náírà, igba méjì ni. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ igba mẹ́fà, èyíinì ni ẹgbẹ̀fà. Bí oníbàárà bá san ẹgbàá, igba mẹ́wàá ni ó san. Bí a bá yọ igba mẹ́fà kúrò, igba mẹ́rin ni ó kù. Ṣẹ́ńjì rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rin náírà.

Ìṣirò owó àtijọ́. Ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án (ìtumọ̀ 1) di èló ní owó tuntun? Ṣílè mẹ́ta jẹ́ ọgbọ̀n kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án àtijọ́ jẹ́ sísì kan àti tọ́rọ́ kan: márùn-ún, àti méjì àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀. Nínú òǹkà yìí pàápàá, ìyọkúrò wà: mẹ́ta ni a dín kù nínú ogójì.

Ìlò lónìí. Kọ́bọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan kan mọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ìwé báńkì àti nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. *Kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́* túmọ̀ sí pé kò ní owó rárá. Kí olùtúmọ̀ má ṣe ka iye kankan sí i.

Tún wo: àníní, náírà, pọ́n-ùn, sísì, ṣẹ́ńjì, ṣílè, tọ́rọ́.