Odi àti Ojú Alóre: Ìgbèjà Ibùdó Ogun ní Agbègbè Houston

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà gbèjà ibi olódi wò, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ ka ogun méjì tí ó kan Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, pẹ̀lú àfiwé láti England, Japan àti ilẹ̀ Yorùbá. Odi ni ògiri tàbí òkìtì tí wọ́n mọ láti dá ọ̀tá dúró. Yàrà ni kòtò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sí ìta rẹ̀. Bodè ni ẹnu ọ̀nà odi. Alóre sì ni ẹni tí ń ṣọ́nà kí ogun má baà já lu ìlú lójijì. Ìpìlẹ̀ àlàyé tó tẹ̀ lé e ni pé asán ni mẹ́ta àkọ́kọ́ bí kò bá sí ẹ̀kẹrin.

Ní England, òkúta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé olódi, síbẹ̀ ọ̀tá lè gba abẹ́ ilẹ̀ yọ sí wọn: nígbà tí Ọba John sàga ti ilé olódi Rochester ní 1215, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ ihò sí abẹ́ igun ilé-ìṣọ́ rẹ̀, wọ́n fi igi gbé e ró, wọ́n sì fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 40 dáná sun igi náà títí igun ilé fi wó. Ní Japan, ọ̀nà tó wọ ilé olódi Himeji ń yí kiri, kí ọ̀tá lè máa rìn lábẹ́ àwọn ihò ògiri tí wọ́n ti ń ta ọfà tí wọ́n sì ti ń yìnbọn. Ní ti ilé olódi Osaka, àdéhùn àlàáfíà ló sọ ọ́ di aláìní ààbò: àwọn ènìyàn Tokugawa Ieyasu, tó sàga tì í, dí yàrà rẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn náà, ó sì ṣubú ní 1615.

Ní San Jacinto, ní ìlà-oòrùn ibi tí Houston wà lónìí, Ọ̀gágun Santa Anna ti Mexico to gàárì, ẹrù àti ẹ̀ka igi síwájú ibùdó rẹ̀ bí odi, ó sì fi ẹ̀yìn ti irà àti omi. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lé ní 1,200, ti Sam Houston, olórí ogun Texas, sì tó nǹkan bí 900. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán 21 oṣù Kẹrin ọdún 1836, ọ̀pọ̀ wọn ń sinmi, kò sì sí alóre tó ń wo pápá nígbà tí àwọn ará Texas já lù wọ́n. Ìjà gan-an kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Nǹkan bí 630 ará Mexico ló kú, omi tó yẹ kó dáàbò bo ẹ̀yìn wọn sì ni ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí.

Òdìkejì èyí ṣẹlẹ̀ ní Sabine Pass, ẹnu omi tó wà ní ààlà Texas àti Louisiana, ní 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1863, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ gba ibẹ̀ lọ kó Houston nínú ogun abẹ́lé. Ẹrẹ̀ àti igi ni odi Fort Griffin, àgbá mẹ́fà, ìyẹn ìbọn ńlá, ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń yìn wọ́n kò sì tó 50. Dick Dowling, ọmọ Ireland tó ní ilé ọtí ní Houston, ni olórí wọn. Kí ogun tó dé, wọ́n ti ri èèkàn funfun mọ́ inú omi láti fi díwọ̀n bí ọkọ̀ bá ṣe jìnnà tó, wọ́n sì ti fi àwọn èèkàn náà dánra wò. Nígbà tí ọkọ̀ ogun mẹ́rin yọ, wọn kò yìnbọn títí ọ̀tá fi wọ ibi tí ọta lè dé. Ọta fọ́ ìkòkò omi gbígbóná tó ń mú ọkọ̀ Sachem rìn, ó sì já okùn ìtukọ̀ Clifton. Ọkọ̀ méjèèjì àti ènìyàn tó lé ní 300 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará odi, àwọn ọmọ ogun bí 5,000 tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ṣẹ́rí padà, láìsí pé ẹnì kan kú nínú odi. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ogun kò sọ ìdí ogun di rere: àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fipá mú mọ odi náà, ìjọba tó ń gbèjà ìsìnrú ni odi náà sì ṣiṣẹ́ fún. Ère Dowling, tí Houston gbé kalẹ̀ ní 1905, ni wọ́n yọ kúrò ní Hermann Park ní 2020.

Ẹ̀rí wà ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Eredo Sùngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá gbúròó ogun Dàhòmì, wọ́n tún odi wọn ṣe, wọ́n sì lé ogun náà padà ní bodè Aró ní 3 oṣù Kẹta ọdún 1851. Ìjàyè ní odi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n odi tó yí ilé ká kò yí oko ká. Ebi wọlé, ìlú náà sì ṣubú fún Ìbàdàn ní 1862.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹrẹ̀ tí ó ní alóre borí òkúta tí kò ní. Ó yẹ kí àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Houston, bí wọ́n bá mú ọmọ lọ wo San Jacinto, sọ ìtàn bodè Aró fún wọn, kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn ẹrú tó pò ẹrẹ̀ Fort Griffin, tí kò sí ère kan fún wọn ní Hermann Park.